Ẹ̀rọ Ló Gbà, Èmi Kọ́

Wáyà ló wà láàrin eyín obìnrin náà nígbà tí sọ̀féyọ̀ kọ́kọ́ rí i. Orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe ló jókòó sí, ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún, ó ń so wáyà náà mọ́ òpó.

"Ẹ má kàn máa wò mí bí ẹni ń wo òṣùpá," ló fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ. "Ẹ bá mi di ìdí òpó yìí mú."

Ó dì í mú. Ọkùnrin tí ìdí rẹ̀ kì í gba àga ni, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ títí obìnrin náà fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ibi iṣẹ́ ń gbé mi lọ wọn ilẹ̀ lẹ́yìn òkè," ni sọ̀féyọ̀ wí. "Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ lè fi rédíò kọ̀wé."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ."

Ó lọ kàwé, ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó padà wá. Obìnrin náà to ẹrù iṣẹ́ síwájú rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà rèé, rédíò ìgbì kúkúrú rèé. Àpótí tó wà láàrin wọn yìí ni ògbufọ̀. Á gé ọ̀rọ̀ yín sí ìdì kéékèèké, á sọ wọ́n di ohùn. Tí ìdì kan bá dé ọ̀dọ̀ mi láìfọ́, àpótí tèmi á dáhùn, ẹ ó sì rí GBÀ lójú kọ̀ǹpútà yín. Tí kò bá dé, tiyín á tún un fi ránṣẹ́."

"Tí mo bá ń kánjú ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti bàbá ẹnì kankan. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹlòmíì ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ kúrú. Ìdì gígùn kì í délé."

Láti yàrá inú, bàbá obìnrin náà wúkọ́. Àgbà yìí ti fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà títí ó fi fẹ̀yìn tì. "Ẹ̀rọ tó ń báni dáhùn nígbà téèyàn ò sí nílé," ó ní, "irọ́ ló ń kọ́."

Sọ̀féyọ̀ gba ẹ̀yìn òkè lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpótí rẹ̀ a máa ké bí ìrẹ̀.

ÒJÒ Ń RỌ̀ NÍBÍ, ILẸ̀ Ń YỌ̀, MO SÌ Ń RÒ PÉ BÓYÁ ÌWỌ NÁÀ...

KỌ Ọ́ KÚRÚ, SỌ̀FÉYỌ̀.

MO Ń RÒ Ẹ́.

ÌYẸN DÉ, OLÓLÙFẸ́.

Kò sí àṣírí lórí afẹ́fẹ́. Àgbà atukọ̀ òkun kan já lu ọ̀rọ̀ wọn: Ẹ TÈTÈ FẸ́RA YÍN, KÁ LÈ RÁYÈ SỌ̀RỌ̀.

Ọ̀rọ̀ àwàdà yìí kò jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò dúró de ìrọ̀lẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́: ṢÉ WÀÁ FẸ́ MI?

GBÀ, ni kọ̀ǹpútà wí.

Ó fò sókè, ó forí gbá òpó àgọ́. Ó sáré bá awakọ̀ ibi iṣẹ́ wọn tó ń lọ sílé, ó ní kó sọ fún ìyá òun pé obìnrin náà ti gbà.

Ìyá náà kò jáfara. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin onírédíò ti ọjà dé, ó bá ìyá sọ̀féyọ̀ tòun ti àbúrò ìyá náà nínú pálọ̀ bàbá tirẹ̀, wọ́n múra dáadáa.

"Ìyàwó wa, a wá dúpẹ́ pé o gbà."

"Mo gba kí ni, Mà?"

Ó wọlé lọ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọjà ló wà nígbà tí ìbéèrè náà dé. Àpótí nìkan ló wà nílé. Omi lé sí i lójú. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí, ìyá ẹlòmíì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí i létí.

"Ẹ̀rọ ti fọmọ mi fọ́kọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ọkùnrin tí kò lè dúró gbọ́ èsì kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún un, Mà," lobìnrin náà wí. "Ẹ̀rọ ló gbà, èmi kọ́." Ó sì yọ wáyà.

Nígbà tí awakọ̀ jíṣẹ́ ìyá rẹ̀, sọ̀féyọ̀ gbé bàtà wọ̀, ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó tún bọ́ ọ. Kánjúkánjú ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo: MO WÀ NÍBÍ, MO Ń GBỌ́. Lẹ́yìn náà, á tẹ́tí díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́.

Rédíò tí bàbá obìnrin náà ní lọ́tọ̀ nínú yàrá rẹ̀ kì í kú. Ó ń gbọ́ igbe ìrẹ̀ náà.

"Ó ti ní kí àpótí máa bá òun ké," lọmọ rẹ̀ wí. "Wọ́n máa ń dá àsìkò fún un ni."

"Rárá o." Àgbà náà gbé ìka sókè. "Ẹ̀rọ kì í pẹ́, kì í yá. Èyí ń pẹ́ díẹ̀, ó ń yá díẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ni. Ó jókòó tì í ni."

"Ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í gba àga?"

"Lọ so wáyà rẹ, ọmọ mi."

Ó so ó. TÚN UN BÉÈRÈ, ló tẹ̀.

ṢÉ WÀÁ FẸ́ MI?

GBÀ, ni kọ̀ǹpútà sọ̀féyọ̀ wí. Kò mira. Afẹ́fẹ́ ń hó, ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú.

MÀÁ FẸ́ Ẹ. ỌWỌ́ MI NÌYÍ.

Àpótí rẹ̀ ti bá a dáhùn kó tó kà á tán. Síbẹ̀, ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì: GBÀ.