Ìlà Tí Tẹjúmádé Gbàgbé

Mẹ́rin péré ni kọ̀ǹpútà kó jáde. Tẹjúmádé tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dúró, mẹ́rin náà ló tún rí. Bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwádìí lórí àwọn ọmọdé tó ṣèèṣì mu kẹrosíìnì lé ní ọgọ́ta.

Ó wo ìsàlẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ń wá ìwádìí náà. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní kí kọ̀ǹpútà má mú ohunkóhun tó ti ju ọdún méjì lọ wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ bí ìgbín lọ́jọ́ náà, kọ́áyà sì ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ọmọge bá fi ìlà náà gé iṣẹ́ kúrú. Ó gbàgbé láti yọ ìlà náà kó tó fi àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣàwárí náà ránṣẹ́ sáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ká ní òun nìkan ló ń lò ó ni, ì bá dẹrùn. Ṣùgbọ́n láíbéríánì ilé ìwòsàn márùn-ún ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ló jọ ń pín irú àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣàwárí bẹ́ẹ̀ lò. Ẹnì kan á ro gbogbo orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àìsàn kan, á tò ó, á dán an wò, á fi ránṣẹ́ sáwọn yòókù, kí wọ́n má baà tún wàhálà kan náà ṣe.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni Ìyáàfin Ògúndípẹ̀ máa ń wí. Òun ló gba Tẹjúmádé, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń dúró de yunifásítì, sí láíbìrì ilé ìwòsàn wọn nítòsí Apple Junction. Lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí ìwà tí ọmọ náà fẹ́ fi tọrọ sìkọ́láṣíìpù.

Tẹjúmádé sọ ọ́ fún Stella, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn.

"Abeg, tún tìẹ ṣe, kóo panu mọ́," ni Stella wí. "Ta ló máa mọ̀? Àbí o ò fẹ́ lẹ́tà yẹn mọ́ ni?"

Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ó sì kù díẹ̀ kó gbà á. Àmọ́ bó ti ń yọ ìlà náà kúrò nínú tirẹ̀, àwọn mẹ́rin yòókù ló ń rò. Wọn ò ní mọ̀ láé pé ohun tí wọ́n ń rí kò pé. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Ìyáàfin Ògúndípẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Fóònù rèé. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá pè wọ́n."

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ò tíì lò ó. Ẹni kẹrin ni Bọ̀dá Olúgbóyèga, ní Alákijà. Òun ti lò ó.

"Aago méjì òní làwọn dókítà wa fẹ́ ṣèpàdé," ló wí. "Wọ́n fẹ́ kọ ohun táwọn nọ́ọ̀sì á máa ṣe fún ọmọ tó bá mu kẹrosíìnì. Mo ti sọ fún wọn pé n ò rí ìwádìí gidi kan lórí bóyá ká mú kí ọmọ náà bì. Jẹ́ n yọ ìlà náà ná. Má pa fóònù o."

Tẹjúmádé ń gbọ́ bó ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀.

"Ó ti dé! Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Wò ó, wọ́n ní ká má mú kó bì rárá, kí kẹrosíìnì má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. O ṣé o, àbúrò mi. Jẹ́ n sáré lọ tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó jókòó."

Ara tu Tẹjúmádé pẹ̀sẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó nu ojú, pé òun ò ní torí èyí fawọ́ lẹ́tà òun sẹ́yìn. Ó wá ní kó kọ gbólóhùn kan sórí àkójọ tuntun náà kó tó fi ránṣẹ́: "Tẹjúmádé ló ṣe àṣìṣe, òun náà ló tún un ṣe."

"Mà, ṣé gbogbo wọn ló máa kà á?"

"Gbogbo wọn ni. Wọ́n á sì mọ̀ pé àwọn lè fọkàn tán iṣẹ́ ẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nǹkan tí a bá pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àṣìṣe inú rẹ̀ náà la pín fún wọn. Èyí tí a bá tètè jẹ́wọ́ ní àtúnṣe. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ ni í bímọ.