Òòfà Kì í Fa Idẹ

"Olè! Ṣìkẹ́mi, olè ni ọ́! Abẹ́ máṣíìnì rẹ ni wọ́n ti fà á jáde!"

Bólúwají ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá rẹ̀ ní Ògèrè, tí àwọn awakọ̀ tírélà tó ń sinmi létí ọ̀nà márosẹ̀ ń na ọrùn lórí ògiri láti wo ìran. Ẹ̀rọ idẹ roboto kan ló gbé dání, èyí tí wọ́n fi ń fa okùn ìgbòkun. Ó ti sọnù láti ọjọ́ mẹ́ta kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tó wà lórí igi nínú àgbàlá náà. Sàfúrátù, ìyàwó kékeré, ló ní òun rí i lábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ ìyáálé òun. Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, ó ń mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Mo ní kí n má sọ ọ́ o! Àgbà tó yẹ kó kọ́ mi níwà!" Sàfúrátù pàtẹ́wọ́. "Ìyáálé mi, bí ebi bá ń pa yín, ẹ ò ṣe sọ?"

"Bàbá Máyọ̀kún, mi ò mọ bó ṣe dé abẹ́ máṣíìnì mi," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Bí mo bá fọwọ́ kàn án, kí abẹ́rẹ́ tí mo fi ń jẹun gún mi lójú!"

"Pa ẹnu rẹ dé! Ọjọ́ Sátidé ni tírélà ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ mi lọ sójú omi. Rí i pé o rán ìgbòkun yẹn parí kó tó dọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà kí o kẹ́rù rẹ, kí o padà sílé bàbá rẹ ní Ìperu!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Ó pe ìyàwó lólè, ó lé e nílé, síbẹ̀ ó ní kó bá òun ránṣọ tán ná! Bólúwají gọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ní bá a fi bò. Ṣìkẹ́mi wọlé, ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi ojú sì ń kán sórí aṣọ ìgbòkun funfun náà.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bólúwají fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, tó ń fa okùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1995, ó ra ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fi tírélà gbé e wá sí Ògèrè láti tún un ṣe. Ọkọ̀ ojú omi nínú ìlú tí kò létí òkun! Àwọn èèyàn ń ti Ìperu wá wò ó, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Nóà. Ó ní òun fúnra òun lòun máa wa ọkọ̀ òun gba etí òkun dé Lọ́mẹ̀, dé Àkírà, títí dé Sàró. Ó pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà, ó di gbogbo ojú ihò, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Sàfúrátù ló wá fẹnu dídùn tàn án tó fi kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà síwájú ọkọ̀. Ṣìkẹ́mi, tó fi oṣù mẹ́rin rán ìgbòkun, kò rí orúkọ tirẹ̀ níbì kankan.

Àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù wà nísàlẹ̀. Bóòtù ńlá méjìlá, ìyẹn ìṣó gbọọrọ tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, ló so òjé wíwúwo tó wà nídìí ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Òjé yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé bí afẹ́fẹ́ bá le. Àwọn bóòtù àtijọ́ ti gbó, Bólúwají sì lọ ṣe tuntun ní Àpápá, idẹ pọ́ńbélé, nítorí iyọ̀ òkun kì í pẹ́ jẹ irin tán. Orúnkún ò wá jẹ́ kó lè kúnlẹ̀ sínú ìhò ọkọ̀ kó fi wọ́n sí i. Ebenezer, ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà, ló gbé iṣẹ́ náà fún.

Ebenezer yìí! Àṣà wa ni kí ìyàwó ilé máa pe àbúrò ọkọ ní ọkọ mi. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọkọ mi" tí Sàfúrátù ń pe Ebenezer ti kọjá ti àṣà, ojú Ṣìkẹ́mi sì ti tó o tipẹ́. Ó kàn dákẹ́ ni, nítorí wọ́n máa ní owú ló ń jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sídeè, Ṣìkẹ́mi gun inú ọkọ̀ lọ láti wọn aṣọ tí wọ́n máa fi bo àwọn ìjókòó. Agolo píìnì rẹ̀ dà sí ìsàlẹ̀, sáàárín àwọn bóòtù. Ó mú òòfà rẹ̀ jáde láti kó wọn, bí gbogbo aránṣọ ṣe máa ń ṣe. Kó tó débi tí píìnì wà, òòfà náà fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ orí bóòtù kan. Kà!

Ṣìkẹ́mi wò ó. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ. Òòfà yẹn kì í gbé ìkọ́ idẹ tó máa ń rán mọ́ ẹ̀yìn búláòsì, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ó yọ ọ́, ó gbé e sórí bóòtù kejì. Kà! Ẹ̀kẹta. Kà! Ó fi sísọ́ọ̀sì ha ojú bóòtù náà, ọ̀dà tó jọ idẹ ṣí kúrò, irin dúdú yọjú.

Ó sáré wá ọkọ rẹ̀ lọ. "Bàbá Máyọ̀kún, àwọn bóòtù yẹn kì í ṣe idẹ! Irin ni! Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ yẹn sórí òkun…"

"O ti bẹ̀rẹ̀ báyìí?" Bólúwají yí ojú kúrò. "O jalè tán, o wá fẹ́ da àárín èmi àti ọmọ ìyá mi rú! Kí n má rí ẹsẹ̀ rẹ nínú ọkọ̀ mi mọ́!"

Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín. "Aránṣọ ti di ẹnjiníà! Ẹ máa gbé òòfà yín lọ sí Ìperu, ẹ lọ fi fa ọkọ tuntun!"

Ṣìkẹ́mi di ẹrù rẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Inú ń bí i débi pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: ṣé òun ló rán an lọ́nà ikú? Ẹni tó pe òun lólè lójú àwọn awakọ̀, kó lọ fojú rí i! Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ká ìgbòkun náà, ó rántí pé ọwọ́ òun ló rán an, ìgbòkun yìí ló sì máa gbé ọkùnrin yẹn lọ sáàárín òkun kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó já. Kò lè jẹ́ kó lọ kú.

Ọjọ́ Sátidé pé. Tírélà ti dé, ẹbí ti pé láti Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, Bàbá Àyàntúndé, àgbà wọn tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, sì ti jókòó láti súre fún ọkọ̀. Ebenezer wọ agbádá. Sàfúrátù wé gèlè.

Ṣìkẹ́mi gbé ìgbòkun náà jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà. "Bàbá, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi rèé, mo ti ṣe é tán. Mò ń lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọkọ mi."

"Ẹ má dá a lóhùn!" Sàfúrátù kígbe.

"Ẹni tí wọ́n ń lé lọ lẹ́tọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan," ni Bàbá Àyàntúndé wí. "Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Bàbá Máyọ̀kún, ẹ̀yin tí ẹ rin òkun fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣé òòfà máa ń fa idẹ?"

Bólúwají yínmú. "Òòfà kì í fa idẹ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n."

Ó na òòfà náà sí i. "Ẹ lọ bi àwọn bóòtù yín."

Ojú Ebenezer yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, tírélà ń dúró! Ẹ má jẹ́ kí obìnrin olè yìí…"

"Fún un láyè," ni àgbà wí.

Bólúwají gun àkàbà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Wọ́n gbọ́ ọ: kà! Wọ́n tún gbọ́ ọ: kà! Ẹ̀ẹ̀méjìlá ló dún, tí gbogbo ẹbí ń kà á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na òòfà náà sí àbúrò rẹ̀.

"Ebenezer, idẹ mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èṣù ni! Sàfúrátù ló ní kí n tà á fún àwọn tó ń yọ́ idẹ! Òun ló ra ọ̀dà!"

"Irọ́ ni!" Sàfúrátù fò mọ́ ọn, ó di ọrùn agbádá rẹ̀ mú. "Ìwọ lo sọ pé òkú tó bómi lọ kì í padà wá bèèrè ilé rẹ̀! Ìwọ lo ní ilé etí márosẹ̀ yìí máa di tèmi tìrẹ!"

"Ṣé èmi ni mo lọ ti ẹ̀rọ idẹ sábẹ́ máṣíìnì ìyáálé rẹ ni? Ìwọ àti ẹnu rẹ!"

Háà! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi tú ara wọn. Bàbá Àyàntúndé dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Ebenezer, o fẹ́ pa ọmọ ìyá rẹ nítorí ilé! Láti òní, o ò gbọdọ̀ tẹ ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ mọ́. Bí o bá kú, má ṣe retí pé a ó sin ọ́ síbẹ̀. Ẹ pe ọlọ́pàá!"

Àwọn awakọ̀ tírélà ló bá wọn di Ebenezer mú, agbádá ya mọ́ ọn lára. Sàfúrátù sá gun ọ̀kadà láìmú bàtà, gèlè rẹ̀ já bọ́ sójú títì, àwọn èèyàn sì ń hó lé e lórí títí ó fi kọjá ìkòríta. Wọ́n mú òun náà ní Ṣàgámù kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Bólúwají dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. "Ṣìkẹ́mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo pè ọ́ lólè, ìwọ lo sì gba ẹ̀mí mi là. Màá ha orúkọ yẹn kúrò, tìrẹ ni mo máa kọ síbẹ̀."

"Ẹ dìde. Ẹ má kọ orúkọ mi sí nǹkan kan," ni Ṣìkẹ́mi dáhùn. Inú ṣì ń bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. "Lójú àwọn tó gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí lólè ni kí ẹ ti gbé àpótí yẹn padà wọlé."

Bólúwají gbé àpótí náà lé orí ara rẹ̀. Ó rìn yí àgbàlá ká níwájú àwọn awakọ̀, ó ń kígbe pé, "Ìyàwó mi kì í ṣe olè! Èmi ni mo gọ̀!" kó tó gbé e wọlé.

Tírélà padà lófìfo lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni bóòtù méjìlá mìíràn tó ti Àpápá dé. Ṣìkẹ́mi jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ọkọ̀, ó mú òòfà rẹ̀ lọ́wọ́. Bólúwají, tó ti rin òkun títí orí fi funfun, dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó mú iṣẹ́ wá fún tíṣà, ó sì na bóòtù kìíní sí i.

"Ìyá Máyọ̀kún, ṣé ó fà á?"

Ó gbé òòfà lé e.

"Kò fà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sí i. Ẹ mú ìkejì wá."