Yàrá Tó Bá Ẹsẹ̀ Bàbá Mu

Màmá Zipporah Akínlọ́lá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lẹ́yìn ilé wọn ní Ìwàrò-Ọ̀kà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àfi gbì! nínú balùwẹ̀. Ó gbé àwo ìrẹsì jù sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀gá Tíṣà Zachariah, ló bá nílẹ̀ balùwẹ̀. Ó di etí bàsíà mú, ọṣẹ wà lójú rẹ̀.

“Má pariwo,” ni Bàbá wí. “Mo kàn yọ̀ ni.”

“Ẹ kàn yọ̀? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láti ọdún Àjíǹde!”

“Mo ní má pariwo. Fà mí dìde.”

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Bàbá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì ṣe é, ó tún ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò padà bọ̀ sípò tán. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ọ̀pá ló sì fi ń rìn.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni Ọdúnayọ̀, àkọ́bí wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú London. Bàbá ti sọ fún un pé ara òun ti le koko. Bí ó bá fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, á ti wọ agbádá, á ti jókòó, á ti gbé ọ̀pá sẹ́yìn àga.

Ọdúnayọ̀ ti bá wọn gba ìwé àṣẹ ìrìnnà. Inú oṣù kẹjọ ni wọ́n máa lọ kí i. Ó sì ti ṣèlérí pé nítorí ọdún márùndínláàádọ́ta tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, òun á mú wọn wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ fún ọjọ́ méje, ọkọ̀ ńlá tó ní àjà mẹ́rìnlá, tó ní ilé oúnjẹ, ilé ìjọsìn àti ọjà nínú, tó sì ń gbé èrò káàkiri etíkun.

Bàbá kò tíì gbẹ ara tán tí iṣẹ́ fi dé sórí fóònù. Màmá ló kà á sókè.

“‘Dádì, wọ́n ti bá wa di yàrá tí ẹ yàn mú, èyí tó wà níwájú ọkọ̀ lókè pátápátá. Aago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n fún wa dà. Bí a kò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á fún ẹlòmíì. Wọ́n tún ní ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ní ìṣòro ìrìn? Kí ni kí n kọ?’”

“Kọ ‘rárá’ sí i,” ni Bàbá wí.

Màmá wo ọkọ rẹ̀ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. “Mi ò ní kọ ọ́.”

“Zipporah!”

“Mi ò ní kọ ọ́, Bàbá Ọdúnayọ̀. Tí ẹ bá ṣubú nílé, mo lè ké sí aládùúgbò. Ta ni mo fẹ́ ké sí lórí òkun?”

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Aago mọ́kànlá kọjá. Níkẹyìn, Màmá rántí Hanifah.

Hanifah Abọ́dẹrìn, ọmọ Ìkàrẹ́, ni Bàbá kọ́ ní ìwé mẹ́rin nígbà kan. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú yàrá èrò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó padà wálé, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ibùsùn àti aṣọ fèrèsé.

“Ẹ jẹ́ ká lọ fi yàrá náà hàn án,” ni Màmá wí. “Bó bá ní ó dára, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Bàbá gbà. Ó dá a lójú pé Hanifah á yìn ín ni. Wọ́n wọ takisí, ó di Ìkàrẹ́.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Hanifah kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀, ó fún wọn ní àga, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ Màmá. Àwòrán ọkọ̀ náà wà lórí rẹ̀, gbogbo àjà àti gbogbo yàrá. Ó wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló yan yàrá yìí?”

“Èmi ni,” ni Bàbá dáhùn. “Iwájú ni mo fẹ́. Òkè téńté ni mo fẹ́. Ẹni tó bá wà níwájú ló ń kọ́kọ́ rí ayé.”

“Òun náà ni ìgbì ń kọ́kọ́ gbé, sà. Ẹ rántí pákó tí àwa ọmọ iléèwé máa ń gbé dábùú igi, tí ẹni méjì á jókòó sí ìkángun méjèèjì. Ta ni pákó náà ń jù sókè?”

“Àwọn tó wà ní ìkángun.”

“Ẹni tó bá jókòó sáàárín ńkọ́?”

Bàbá na ọrùn wo àwòrán náà.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òkun. Iwájú àti ẹ̀yìn ló ń fì jù. Bí yàrá bá sì ṣe ga tó ni yóò ṣe máa mì tó. Àárín, nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń rọra dúró.” Ó gbójú sókè. “Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Ọ̀gá Tíṣà? Mo rí i bí ẹ ṣe gun àtẹ̀gùn iwájú yẹn.”

“Ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan.”

Màmá di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. 

Hanifah dá fóònù padà fún Màmá, ó dìde. Ó fa àga méjì sún mọ́ ara wọn, ó fi àlàfo tóóró sáàárín wọn. Ó mú ọ̀pá onígi tí wọ́n ń ká aṣọ mọ́, ó gbé e lé ìwé méjì lórí, ó sì fi dábùú ẹnu àlàfo náà.

“Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ yàrá tí ẹ yàn nìyí. Bó ṣe há tó nìyẹn. Wọ́n fi irin dábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà ṣàn jáde. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ọ̀pá yín sílẹ̀, kí ẹ wọ inú rẹ̀.”

“Ọmọdé ni ọ́, Hanifah,” ni Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá ti ògiri. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ó dára.

Lójú kan náà ni fóònù ń dún lọ́wọ́ Màmá. Ọdúnayọ̀ ni. Ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù bí Bàbá ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì.

Ẹsẹ̀ náà kò gbé. Ó kọ́ igi. Bàbá ń ṣubú lọ síwájú, àga kan ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú, kò rí i. Hanifah ti dúró dè é. Ó fi àyà gbà á, àwọn méjèèjì sì jọ wó lu òkìtì aṣọ ibùsùn.

“Dádì! Mọ́mì, kí ló ṣe Dádì?”

“Ọdúnayọ̀, gbọ́. Bàbá rẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta nílé. Òwúrọ̀ òní gan-an ló ṣubú kẹ́yìn. Ọ̀pá ló fi ń rìn. A fi pamọ́ fún ọ.”

Wọ́n gbọ́ ẹkún Ọdúnayọ̀.

“Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Bàbá ti jókòó dáadáa lórí àwọn aṣọ náà. Fìlà rẹ̀ ti bọ́. “Mi ò fẹ́ kí o máa wò mí bí arọ,” ni ó wí. “Mo sì rò pé bí o bá mọ̀, o ò ní mú mi lọ mọ́. Mi ò tíì rí òkun rí láyé mi.”

Hanifah gba fóònù. “Àǹtí, aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ yàrá tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ìrìn ń nira fún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, kò sí irin lẹ́nu balùwẹ̀ rẹ̀, àga ìwẹ̀ wà níbẹ̀, irin ìdìmú sì wà lára ògiri. Owó rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ yára.”

Ọdúnayọ̀ pa fóònù. Wọ́n ń dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ó dé, ó tún lọ. Màmá jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé fóònù sókè. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjì lù kí ìpè tó wọlé.

“Wọ́n ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti tán nínú ọkọ̀ yẹn,” ni Ọdúnayọ̀ wí. “Ti òkè yẹn nìkan ló kù. Bí a kò bá gbà á báyìí, ó lọ nìyẹn.”

“Gbà á!” ni Bàbá kígbe. “Mo máa fara dà á. Ọjọ́ méje péré ni!”

“Ọ̀gá Tíṣà.” Hanifah jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Bàbá kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí mò ń tọ́jú. Òkè ni òun náà wà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná ṣẹ́ ní ilé ìdáná, aago ìkìlọ̀ dún. Bí aago yẹn bá ti dún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ lífìtì, ẹ̀rọ tó ń gbé èrò lọ sókè sódò yẹn. Àtẹ̀gùn ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a. Ó di irin mú. Kò lè sọ̀ kalẹ̀, kò lè padà sókè. Èrò ń kọjá lára rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó ń wá a, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́.”

“Ṣé ó kú ni?” Màmá béèrè.

“Rárá, mà. Wọ́n pa iná náà. Ṣùgbọ́n ó ti tọ̀ sára níbẹ̀, lójú gbogbo èrò. Títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, kò jáde wá jẹun láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ bá a.”

Bàbá wo ọ̀pá rẹ̀ lára ògiri, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

“Dádì?” Ọdúnayọ̀ ń dúró. “Dádì, kí ni kí n sọ fún wọn?”

Bàbá na ọwọ́, ó gba fóònù.

“Sọ fún wọn kí wọ́n fún ẹlòmíì,” ni ó wí. “Lẹ́yìn náà, sọ òótọ́ fún wọn. Sọ pé ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ kò ṣe dáadáa. Kí wọ́n wo ọkọ̀ mìíràn tó ní yàrá tó gba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, mo máa dúró.”

Kò tilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n rí ọkọ̀ tó máa gbéra nínú oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gba yàrá kan ní àjà karùn-ún, láàárín ọkọ̀, tí kò jìnnà sí lífìtì. Yàrá èrò ló wà lókè rẹ̀, yàrá èrò ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ijó tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Dókítà tó ń tọ́jú Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó lè lọ, ó sì kọ lẹ́tà. Ọdúnayọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ kẹrin lórí òkun, ìgbì ń ru. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, iná kú lójijì, aago ìkìlọ̀ dún. Màmá ń wá bàtà ọkọ rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ méjì ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àga tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n pe Bàbá lórúkọ.

Ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi tún un ṣe. Bàbá ti jókòó pẹ̀sẹ̀ níbi tí gbogbo èrò ń péjọ sí bí aago bá dún, kí èrò púpọ̀ tó débẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ó ń wo òkun.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ mú òbí rìnrìn àjò, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Bí ẹ bá fẹ́ yan yàrá nínú ọkọ̀ òkun, ẹ má fi ojú ẹwà nìkan yàn án. Ẹ béèrè àwòrán ọkọ̀, kí ẹ wo ohun tó wà lókè yàrá náà àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín ọkọ̀ lápá ìsàlẹ̀ ló dára fún ẹni tí èébì máa ń tètè gbé tàbí tí òòyì máa ń tètè kọ́. Yàrá tó sún mọ́ lífìtì ló dára fún ẹni tí kò lè rìn jìnnà. Ẹni tó ń lo ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́ arọ, kí ó béèrè yàrá tí wọ́n ṣe fún irú wọn, kí ó sì tètè béèrè, nítorí kì í pẹ́ tán. Bí wọ́n bá ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò bá yín yan yàrá, ẹ má gbà bí ara kò bá le. Bí wọ́n bá sì ń kán yín lójú, tí yàrá tó yẹ kò sí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ. Òmíràn ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ rí dókítà kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ nípa ara yín fún ọmọ yín àti fún àwọn ọlọ́kọ̀. A lè fi ẹsẹ̀ tó ń dunni pamọ́ fún ọmọ. A ò lè fi pamọ́ fún òkun.