Orúkọ Karùn-ún

Òkú Motúnráyọ̀ ṣì wà lórí ẹní nígbà tí wọ́n ti so afọ́jú mọ́ ìdí igi máńgòrò.

Igi yẹn ni Ínsípẹ́kítọ̀ Fọláṣadé kọ́kọ́ rí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2002 ni, ní Ìrèlè-Èkìtì. Arúgbó kan jókòó nínú eruku, okùn wà ní àyà rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ so Bàbá yìí?"

"Èmi ni." Dèjì, àbúrò olóògbé, ló dáhùn. Oorun kò tíì kan ojú rẹ̀ láti ìjẹta. "Oṣó ni, Màdáàmù. Ẹnu rẹ̀ ló fi pa ẹ̀gbọ́n mi. Aago mẹ́rin la ó sin ín. Bí a bá ti bo sàréè tán, a ó padà wá bá a."

Fọláṣadé wo àwọn ọ̀dọ́ tó dúró yí i ká. Wọ́n ju ogún lọ. Kọ́ńsítébù kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé òun, kóńdó nìkan ló sì wà lọ́wọ́ ìyẹn. Ó bá wọn sọ ọ́, ó bẹ̀ wọ́n, ó halẹ̀ mọ́ wọn. Níkẹyìn wọ́n gbà kí arúgbó náà, Bàbá Bámgbóṣé, wọlé rẹ̀ lọ jókòó, kí àwọn máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Aago mẹ́rin ni wọn kò gbà kó yẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ arúgbó náà kò ju pé ó pe orúkọ. Ilé mẹ́wàá ní àdúgbò náà ni wọ́n máa ń jọ ra màlúù kan fún Kérésìmesì. Samson alápatà á pín in sí òkìtì mẹ́wàá lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọláyíwọlá, ọmọ Bàbá, tí gbogbo ayé ń pè ní Láyí, á fi ọ̀pá kan òkìtì kan, á ní, "Ti ta nìyí?" Bàbá Bámgbóṣé á pe orúkọ kan. Ẹni tó bá pè ló ni ín. Ojú Bàbá ti fọ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ á tún kẹ̀yìn sí ẹran, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wí. Ọ̀nà tí wọ́n fi pa ìjà rẹ́ nìyẹn, torí ọdún kan wà tí itan màlúù fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yọ àdá síra wọn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, òkìtì kan kan Motúnráyọ̀. Ó se ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lálẹ́. Ìtùnú, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, kì í jẹ ẹ̀dọ̀. Ìyá rẹ̀ bú u, ó sì jẹ tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Kí agogo ìsìn tó lù láàárọ̀ Kérésìmesì, ó ti kú.

Nínú ilé ìdáná rẹ̀, awẹ́ ẹ̀dọ̀ tútù kan ṣì wà nínú abọ́. Ológbò kan nà gbọọrọ lábẹ́ àga, eṣinṣin ti bo ẹnu rẹ̀. Fọláṣadé fi ọ̀bẹ yí ẹ̀dọ̀ náà. Ihò kékeré mẹ́ta wà lára rẹ̀, wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ni.

"Oṣó kì í lo abẹ́rẹ́," ó wí fún ara rẹ̀.

Samson ni ó kọ́kọ́ bi.

"Èmi ni mo gé ẹ̀dọ̀ sí mẹ́wàá. Mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín, Màdáàmù. Bí mo bá fi májèlé sí ọ̀kan, ṣé mo mọ ẹni tó máa kàn? Ó lè kàn mí!"

"Ta ló tún wà nídìí ẹran?"

"Láyí bá mi tò ó. Olúbùnmi fi ewé bò ó. Gbogbo wa sì lọ fọwọ́, a gbàdúrà."

"Ta ni ọ̀tá Motúnráyọ̀?"

Samson wò ó bí ẹni pé ó bú òun. "Motúnráyọ̀? Èèrà gan-an kò bínú sí i."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bi ló sọ ohun kan náà. Opó tó ń kọ́ ọmọ kékeré ní lẹ́tà, kò jẹ gbèsè, kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Bí kò bá sì sí ẹni tó fẹ́ pa á, a jẹ́ pé àkọsẹ̀bá ni. Ohun tí ìlú kì í gbà nìyẹn. Ènìyàn lè fara da oṣó; kò lè fara da pé ikú kàn ń kọjá lọ ni, ó sì kọsẹ̀ lára ọmọ ẹni. Tìtorí ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù fi wà lábẹ́ igi.

Fọláṣadé mọ àkọsẹ̀bá dáadáa. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ fi ta tẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù ní Ọ̀tùn. Ó lẹ gbogbo èsì mọ́ ògiri yàrá, ó ń wá ipasẹ̀ oríire nínú wọn, títí tó fi ta ilẹ̀ baba rẹ̀, tó sì kú láìrí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ògiri yẹn kọ́ ọmọ rẹ̀: àkọsẹ̀bá kì í ní ipasẹ̀. Ibi tí ìwọ bá ti rí ipasẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́.

Aago méjìlá ti kọjá nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Olúbùnmi, aránṣọ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ màlúù.

"Ẹ̀ ń kọ orúkọ sílẹ̀ bí Bàbá bá ṣe ń pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò gbà." Ó na ìwé àkọsílẹ̀ kan tí èèpo rẹ̀ ti já sí i.

Fọláṣadé ṣí ọdún 1998. Ó ṣí 1999. Ó fi ìka kan sí ọ̀kan, ó fi òmíràn sí èkejì. Ó ṣí 2000 àti 2001. Ó wá ṣí ti ọdún náà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin kò ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú ìwé yìí rí?"

"Kí ló wà níbẹ̀? Orúkọ ni. Ta ló tún ń ka ìwé àná?"

"Nígbà tí Láyí ń fi ọ̀pá kan ẹran, ṣé ó tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ẹnu ọ̀nà. Ó fo ìkejì, ó ní èèrà wà níbẹ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n ná. Ó wá padà sí i."

"Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kelòó?"

Olúbùnmi ronú. "Ìkarùn-ún. Ìyẹn ni Motúnráyọ̀ gbé. Háà! Ìyẹn náà ni!"

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ilé Akínlolú, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tó jọ ra màlúù, ni ó yà sí lẹ́yìn náà. Àpótí méjì wà ní ṣíṣí lórí ibùsùn rẹ̀, kóòtù nípọnnípọn kan sì wà lórí wọn nínú ooru ọyẹ́. Ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Amẹ́ríkà ni, Màdáàmù. Oṣù tó ń bọ̀. Lọ́tìrì físà ni Ọlọ́run fi ṣe é."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ta á?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré! Mi ò tilẹ̀ fẹ́ ṣe é. Láyí ló kọ fọ́ọ̀mù náà fún mi, ọwọ́ rẹ̀ dára. Òun ti ń ṣe tiẹ̀ láti ọdún mẹ́fà." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní kó má bínú, orí ò jọra."

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n má gbàgbé òun."

Ó ku wákàtí kan àti àbọ̀ kí aago mẹ́rin lù. Dèjì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dì mọ́ ẹnu ọ̀nà Bàbá Bámgbóṣé. Fọláṣadé la àárín wọn kọjá.

Láyí wà lẹ́yìnkùlé, ó ń da oúnjẹ fún adìẹ. Adìẹ rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí fèrèsé, ìgò oògùn adìẹ tò lọ, abẹ́rẹ́ mẹ́rin sì wà nínú ife omi gbígbóná. Ó kí i, ó dọ̀bálẹ̀. Fọláṣadé ní kó wọlé wá jókòó ti bàbá rẹ̀.

Bàbá wà lórí pákó, àmì okùn ṣì wà ní apá rẹ̀. Abọ́ aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà èékánná kọ Motúnráyọ̀ sí ìdí rẹ̀.

"Bàbá, báwo ni abọ́ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ògì ló gbé wá fún mi, ọmọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹran gan-an. Ó ní òun po ògì jù. Kò ṣe é rí. Ó gbóná, ó fi mílíìkì sí i." Arúgbó náà fọwọ́ kan abọ́ náà. "Ẹnu tí mo fi mu ún ni mo fi pa á. Ọmọ mi, ẹnu mi kò ní àyànfẹ́ rí. Bí ó bá ṣe wá ni mo ṣe ń pè é."

"Ẹ pè é fún mi nísinsìnyí. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bí wọ́n ṣe máa ń wá."

Bàbá gbé ojú tí kò ríran sókè. "Adébísí. Olúbùnmi. Samson. Morìnsọ́lá. Akínlolú..." Ó ń pè é lọ. Ìkẹjọ ni Motúnráyọ̀. Ìkẹwàá, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Fọláṣadé ti ṣí ìwé lé orúnkún. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ewé ọdún 1998 bí arúgbó náà ṣe ń pè. Orúkọ kan kò yẹ̀.

"Bàbá, ọdún mẹ́rin ni ẹ fi pè é báyìí, láìyí ọ̀kan padà."

"Èmi? Rárá o." Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn. "Ulé-ulé ni mò ń lọ, bí ulé ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Láti ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀ kalẹ̀ dé odò. Bí mo ṣe ń rìn ín nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé mò ń rìn ín."

"Ẹnì kan mọ̀."

"Màdáàmù, èmi ni mo ń fi ọ̀pá kàn án, bàbá mi ló ń pè é. Báwo ni n ó ṣe mọ ẹni tó máa pè?"

"Nítorí ìwọ nìkan lo ń dúró tì í lọ́dọọdún. Òkìtì tí o gún lábẹ́rẹ́ ni o fò, o ní èèrà wà níbẹ̀. O ń dúró de orúkọ karùn-ún. Tiyín ló sì ń gbẹ̀yìn, kò lè kàn yín láé. Gbogbo ìlú ń wá ọ̀tá Motúnráyọ̀. Motúnráyọ̀ kò ní ọ̀tá. Ìkẹjọ ni ì bá jẹ́. Ta ni ìkarùn-ún, Láyí?"

Adìẹ ń ké lẹ́yìnkùlé.

"Láyí," bàbá rẹ̀ pè é. "Dá a lóhùn. Sọ fún un pé urọ́ ni."

Láyí kọjú sí Fọláṣadé. "Fọ́ọ̀mù méjì ni mo kọ lọ́jọ́ náà. Bírò kan náà. Ọjọ́ kan náà ni mo fi wọ́n ránṣẹ́. Ọdún kẹfà mi ni. Òun, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ń tòògbé nígbà tí mò ń kọ ọ́! Kí ló ní tí mi ò ní?"

"Kò ní nǹkan kan. Ó kàn bọ́ sí i ni."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbé mì. Bó bá ṣe pé ó gbọ́n jù mí ni, ǹ bá gbà."

"Nígbà tí Bàbá pe Motúnráyọ̀ ńkọ́? O lè ní èèrà tún wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Láyí bo ojú rẹ̀. "Mo rò ó. Bí mo ṣe ń rò ó, ó ti gbé e. Ó tún ní, 'Láyí, o ṣeun.'"

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́. Ariwo kan sọ. Fọláṣadé fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, òun àti kọ́ńsítébù sì fi ara wọn bò ó dé inú ọkọ̀. Òkúta fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Ní òdìkejì títì, Akínlolú wà lórí eékún, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Olúwa, o ṣeun! Orí mi jà fún mi! Ọjọ́ Ìsinmi, ìdúpẹ́ ni!"

Ìtùnú wà lẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí i, ó ń wò ó.

Fọláṣadé padà wọlé láti mú àwọn abẹ́rẹ́. Dèjì dúró láàárín yàrá, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Kò tọrọ àforíjì. Ó gbé abọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jáde.

"Ọmọ mi," Bàbá Bámgbóṣé wí. "Bí mi ò bá yí i padà, Akínlolú ni ì bá kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Orúkọ rẹ̀ ló kàn. Mo dé iwájú ulé rẹ̀. Ògì yẹn ló wá sí mi lẹ́nu, mo ní kí n kọ́kọ́ pe ẹni tó ṣe mí lóore." Ó mi orí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fi ìfẹ́ pe ènìyàn."

Fọláṣadé ti gbà á lọ́wọ́ iná, kò sì dá a lójú mọ́ pé oore ni òun ṣe é.

"Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí wọ́n sun mí," ni arúgbó náà wí. "Oṣó ni wọn ì bá pè mí. Oṣó ṣì ń ní ọmọ."

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, aago mẹ́rin ti lù. Wọ́n ti ń gbé òkú jáde. Bàbá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń nà án lójoojúmọ́.

"Láyí," ó ní, "mú mi lọ síbi ìsìnkú."