Àtàǹpàkò Tó Ní Àpá

Àtàǹpàkò Bàbá Oyèlékè ń dán, kò ní àpá kankan. Èmi fúnra mi ni mo dì í mú, tí mo fi aṣọ nù ún, kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú íńkì lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi rántí ìyẹn. Ẹ má sì bínú pé mo ń pe àgbà ní "ó". Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe.

Èyítọ́pẹ́ Èṣùbíyì ni orúkọ mi. Ní Siluko Road ni mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Nígbà tí Láolú, bàbá mi, kú, Bàbá Oyèlékè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọbàkan ní a ò gbọdọ̀ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àgbà, bàbá àwọn méjèèjì, nínú ọgbà ilé ìdílé ní Upper Sakponba. Ó ní ìyá bàbá mi ti lóyún bàbá mi fún ẹlòmíràn kó tó wọlé ọkọ, pé kò sí ẹ̀jẹ̀ Èṣùbíyì lára wa, kí n lọ wá orúkọ mìíràn jẹ́. Inú bí mi débi pé èmi gan-an ni mo ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò DNA.

Wọ́n gba itọ́ lẹ́nu èmi àti Bàbá Oyèlékè. Kí èsì tó dé, mo lọ sí ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá mi. Akọ̀wé ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Adékọ́lá, ṣí ìwé ọdún 1957 fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ bàbá mi pé, "Ọmọ mi ni." Bàbá Àgbà tẹ̀ka sábẹ́ rẹ̀, torí kò mọ̀wé. Ìlà funfun kan la àárín àmì náà kọjá, níbi tí ayùn ti gé àtàǹpàkò Bàbá Àgbà ní sọ́mìlì tó ti ń la igi. Mo fọwọ́ kan íńkì náà, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, madam," akọ̀wé sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Látọjọ́ tí bàbá yín ti kú ni kò ti gbẹ mọ́."

Èsì dé: a ò bára tan. Mi ò ní parọ́, ó dùn mí dọ́kàn. Bàbá Oyèlékè ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní Ikpoba Hill. Ó ti ṣètò ìwé kan sílẹ̀ pé ìdílé ti yọ orúkọ Láolú kúrò. Rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ó ní láti tẹ̀ka. Páàdì íńkì tèmi ni wọ́n sì ní kí n mú wá. Ẹ wo ìwọ̀sí!

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà," ni mo wí. "Orúkọ tí bàbá yín fún bàbá mi, ẹ ò lè gbà á padà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ìlà funfun kan wà láàárín àmì náà.

Adébáyọ̀ ọmọ rẹ̀ rò pé irun ló há sí páàdì. "Daddy, abeg, press am again."

Ó tún un tẹ̀. Ìlà náà ò kúrò. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ ẹ̀kẹta, ìlà kan náà ló tún jáde. Òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là gba gbogbo pálọ̀. Bàbá Oyèlékè yí ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń wá àpá tí kò sí níbẹ̀.

"Ọwọ́ bàbá mi nìyí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé ìjọ lọ́dún 1957, sà, pé ọmọ àwọn ni bàbá mi. Wọ́n tún ń sọ ọ́."

Ẹ̀rù bà mí, síbẹ̀ mo ká ìwé náà sínú báàgì mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo sin bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, mo sì kọ Èṣùbíyì gàdàgbà sára ibojì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá Oyèlékè lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti ń tẹ̀ka kí ìjọba lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìlà funfun ló ń jáde lára gbogbo wọn. Wọ́n ní kó lọ mú ẹnì kan wá nínú ìdílé rẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ tó bí, tó máa búra pé Èṣùbíyì ni lóòótọ́. Èmi nìkan ló kù.

Ó mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bó bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún un: kí lorúkọ mi?