Fèrèsé Bàbá Gotthold

"O ò tíì yan ibì kankan?" Mareike fi ìgbọ̀nwọ́ gún Tabea níhà. "Sátidé yìí ni o! Gbogbo kíláàsì wa ló ń lọ sí ọjà Kérésìmesì Nuremberg. Àbí o fẹ́ dá wà ní Leipzig kó o máa ka yìnyín?"

Inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro ni wọ́n wà, aṣọ òtútù àwọn èrò sì ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Tabea, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Nọ́ọ̀sì ni Silke ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ọsibítù kì í sì í jẹ́ kó ráyè mí. Lọ́dún yìí, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fún un kó fi sinmi kí Kérésìmesì tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló da tíì sínú ife, tó ní, "Tabea, èmi ni mo máa ń yan ọjà Kérésìmesì tá a máa lọ lọ́dọọdún. Ìwọ ni kó o yàn án lọ́tẹ̀ yìí. Ibi tó o bá ti dárúkọ, ibẹ̀ la ń lọ."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ tí wọ́n bá gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ṣé orí rẹ̀ ò ní wú?

"Nuremberg náà ni," Tabea fèsì. "Màá sọ fún màmá mi lónìí."

"Ìwọ náà gbọ́n! Mo ti rò pé o máa ní ẹ̀ ń lọ sí abúlé bàbá màmá rẹ lórí òkè, níbi tó jẹ́ pé ìsọ̀ mẹ́jọ àti ewúrẹ́ kan ni wọ́n ń pè lọ́jà."

Mareike bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn wọn bá a rín in. Tabea náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó ṣí àpótí lẹ́tà. Káàdì kan wà níbẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà.

"Silke, ọjà wa bọ́ sí Sátidé. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni àwa awakùsà máa tò rìn yí abúlé ká. Èmi ni màá gbé àtùpà ṣíwájú, ìgbà ìkẹyìn mi sì nìyẹn, orúnkún mi ti kọ̀. Bó o bá lè wá, wá. Bàbá rẹ."

Tabea kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn kan ní kó gbé e sórí tábìlì, kí ìyá rẹ̀ rí i. Ọkàn kejì ń gbọ́ ẹ̀rín Mareike: ìsọ̀ mẹ́jọ àti ewúrẹ́ kan. Ló bá ti káàdì náà bọ àárín ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò kúkú jí nǹkan kan, òun kàn fi pamọ́ ni. Ẹ ò rí bí ọmọ aráyé ṣe máa ń tan ara rẹ̀ jẹ!

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, ó bi í pé, "Ibo la wá ń lọ?"

"Nuremberg ni, màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Silke wí.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń di ẹrù. Silke jókòó sétí ibùsùn, ìbọ̀sẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e sínú àpò.

"Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu," ó ní. "Bàbá mi ò kọ káàdì lọ́dún yìí."

Ọwọ́ Tabea dúró lójú kan. "Ṣé wọ́n máa ń kọ ọ́ ni?"

"Ọdọọdún. Mi ò sì fèsì rí." Silke ń ká ìbọ̀sẹ̀ náà, ó tún ń tú u. "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo ní mò ń lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú ńlá. Bàbá ní kí n dúró, mo ní mi ò dúró. Ló bá fìbínú pariwo pé ẹni tó bá ti jáde nílé òun, òun ò ní tan iná dè é mọ́. Ẹyin lohùn, Tabea. Bó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò débẹ̀ nígbà Kérésìmesì mọ́. Bá a bá tiẹ̀ ríra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ la máa ń sọ."

Tabea ò lè gbójú sókè.

"Mo sọ fún ara mi lọ́dún yìí pé bí káàdì yẹn bá fi lè dé, màá lọ. Mo ní kó o yan ọjà kan ná, kí n má bàa jókòó sílé kí n máa ṣọ́ àpótí lẹ́tà bí ọmọdé. Ó jọ pé ó ti sú bàbá. Ta ló máa dá a lẹ́bi?"

Ìwé ìṣirò Tabea wà lórí tábìlì níwájú ìyá rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ bà á, ojú ẹgbẹ́ tì í, kò sì sọ nǹkan kan. Oorun tó sùn mọ́jú ọjọ́ yẹn ò kún ojú.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Mareike àti àwọn òbí rẹ̀ ti wọlé jókòó. Mareike ń ju ọwọ́ lójú fèrèsé ọkọ̀. "Tabea! Ẹ wá o! A ti gba àyè dè yín!"

Silke gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó wọlé. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti Tabea lẹ́yìn, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé."

Ó yọ káàdì náà lápò, ó nà án sí i. Silke gbà á. Ó kà á, ó tún un kà. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ti ń ké pé òun fẹ́ pa dé.

"Èmi ni mo fi pamọ́," Tabea wí, ẹkún ti gba ojú rẹ̀. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo fẹ́ bá Mareike lọ ni, màmá. Ẹ má bínú."

Ìlẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ gbéra. Kò pẹ́ tí fóònù Tabea fi dún. Mareike ló kọ̀wé pé, "Ará òkè! O ti ya wèrè!" Tabea ti fóònù bọ àpò.

Silke ò pariwo, kò sì jágbe. Ìbá tiẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ara ì bá tu ọmọ náà. "Agogo mélòó ló lù?" ló kàn béèrè.

"Mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀."

"Gbé àpò rẹ."

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin kan, wọ́n sọ̀, wọ́n wọ òmíràn. Ó wá ku bọ́ọ̀sì tó ń gòkè lọ sí abúlé Hinterlohe. Yìnyín ti di ọ̀nà náà pa. Bọ́ọ̀sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó yìnyín, ó rìn díẹ̀, ó tún dúró. Silke ń wo aago, ó ń wo igbó. Inú bọ́ọ̀sì náà ni agogo mẹ́ta lù bá wọn. Tabea kọjú sí fèrèsé, omijé ń wọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ òun, tí òun ò sì lè rí mú padà.

Agogo márùn-ún ku díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ti ṣú. Ojú ẹsẹ̀ àwọn tó tò rìn ṣì wà nínú yìnyín, àmọ́ àwọn afunfèrè ti ń kó fèrè sínú àpótí. Tabea ka ìsọ̀ ọjà. Mẹ́jọ ni lóòótọ́. Ewúrẹ́ náà tiẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ère ọmọ Jésù sí, ó ń jẹ koríko tí wọ́n fi ṣe ẹní fún ère náà.

Ìyá arúgbó kan tó ń yan sọ́sééjì gbójú sókè. "Ta nìyí? Silke! Silke ọmọ Gotthold!"

"Èmi ni, Ìyá Hannelore. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀! Bàbá rẹ dá gbogbo wa dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ó ní ká ṣe sùúrù, pé bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko la fi dúró, fèrè ń dì mọ́ àwọn afunfèrè lẹ́nu. Ẹnì kankan ò bá a jiyàn. Nígbà tó yá, ó gbé àtùpà rẹ̀, ó rìn, kò bojú wẹ̀yìn mọ́." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ máa gòkè lọ. Ẹ lọ wo ohun tí gbogbo abúlé yìí ti ń wò láti ọdún mẹ́rìnlélógún."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí wọ́n ṣe yà kúrò lọ́jà báyìí ni Tabea dúró, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Kò sí ilé kan tí kò taná. Kì í ṣe iná mànàmáná tó ń ṣẹ́jú bí tìgboro o. Àbẹ́là ni, lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, àwọn ère onígi kéékèèké sì gbé e dání. Ìmọ́lẹ̀ náà tú jáde sórí yìnyín títí ilẹ̀ fi pọ́n bí oyin. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ilé lé ilé, iná lé iná, kò sì sí ohùn kankan àfi bàtà tiwọn tó ń tẹ yìnyín. Háà! Tabea ti rí iná púpọ̀ láyé rẹ̀, àmọ́ kò rí èyí tó mú un dákẹ́ rí. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó wọ ilé tí ọmọ tuntun ti ń sùn.

"Màmá, kí lèyí?"

"Nígbà tí ihò kùsà ṣì ń ṣiṣẹ́," Silke wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ilẹ̀ ò tíì ní mọ́ tí àwọn bàbá wa fi máa wọ inú ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó jáde. Nígbà òtútù, àfi ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń rí oòrùn. Ló fi di pé à ń tan iná sójú fèrèsé. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ilé, wọ́n á gbé awakùsà onígi kan síbẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan, áńgẹ́lì kan. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á mọ iye ọmọ tó wà nílé."

Ni Tabea bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Awakùsà mẹ́ta, áńgẹ́lì kan. Wọ́n bímọ mẹ́rin! Áńgẹ́lì márùn-ún rèé, yéè, bàbá wọn á gbádùn!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ti Bàbá àgbà ńkọ́?"

Silke fa aṣọ òtútù rẹ̀ mọ́ra. "Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ìyá mi ti kú, bàbá ló dá wà níbẹ̀. Má retí nǹkan kan, ọmọ mi. Ó ní òun ò ní tan iná mọ́, bàbá mi kì í sì í yẹ ohùn."

Ilé ìkẹyìn, létí igbó, ni ilé Gotthold. Wọ́n yí kọ́nà. Silke dúró gbọnrangandan, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú débi tó fi ń dùn ún.

Áńgẹ́lì méjì ló wà lójú fèrèsé náà, iná sì ń jó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

"Ti apá òsì yẹn," Silke sọ wúyẹ́wúyẹ́, "tèmi ni. Wo ìyẹ́ rẹ̀. Mo já a bọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́."

"Ìkejì ńkọ́?"

Silke kàn nawọ́ sí fèrèsé. Tabea wọ́ inú yìnyín lọ títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì. Igi áńgẹ́lì kejì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fín orúkọ kan sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì fín ọdún kan sísàlẹ̀ orúkọ náà. TABEA. Ọdún tí wọ́n bí i ni.

Ọdún mẹ́rìndínlógún! Kó tó mọ̀ọ́ rìn, kó tó mọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, iná rẹ̀ ti ń jó níhìn-ín. Bàbá arúgbó kan ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọmọ méjì ló wà nílé òun. Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń fi ọjà òkè ṣe yẹ̀yẹ́ tí òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, áńgẹ́lì yìí dúró síbí ní tirẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Gotthold ò tíì bọ́ aṣọ awakùsà dúdú tó fi rìn.

"Ẹ pẹ́," ó ní.

"Bọ́ọ̀sì ni, bàbá," Silke wí.

"Mi ò sọ ti bọ́ọ̀sì."

Ni Silke bá bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní tan iná dè mí mọ́!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì dé, mo ní kí n kàn tàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ pé mo ti jẹ ọ̀rọ̀ mi." Ó nawọ́, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Tabea dúró sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, ì bá kúkú dákẹ́. Àmọ́ ó ti rí ohun tí dídákẹ́ máa ń ṣe.

"Bàbá àgbà, èmi ni mo fi káàdì yín pamọ́. Èmi ni mo jẹ́ ká pẹ́."

Bàbá ní, "Ìrìn mi tó kẹ́yìn nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ mi ò lè tún un rìn mọ́, ó ti lọ." Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ìgbà wo lo wá jẹ́wọ́?"

"Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gbéra."

"Hùn-ún. Díẹ̀ ló kù kó o pẹ́ jù." Ó yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Wọlé. Àbẹ́là rẹ ti fẹ́ jó tán, òmíràn wà nínú dúrọ́ọ̀. Láti òní lọ, iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn."

Tabea wọlé, ó pààrọ̀ àbẹ́là náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní òun ò gbọ́: ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í pẹ́ tán lẹ́tí, àmọ́ ohun tá a bá tìtorí rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ará ilé ẹni lè má padà bọ̀ láé. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kó tètè sọ òótọ́ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì gbéra.

Mareike fi fọ́tò Nuremberg ránṣẹ́. Iná ọ̀hún lọ súà, kò lóǹkà. Tabea náà ya fèrèsé Bàbá Gotthold, ó fi ránṣẹ́ sí i.

"Iná méjì péré?" ni Mareike kọ padà.

"Méjì péré," Tabea dá a lóhùn. "Ọ̀kan jẹ́ tèmi."