Ipa Ìka Nídìí Ìkòkò Sùlíyá

Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ìkòkò aláwọ̀ ewé tí Sùlíyá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iléru ti di àwátì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ágége. Ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Opebi ni wọ́n ti rí i, orúkọ Àlàbá, amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀, sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀sán yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fún ẹni tó mọ ọ́n ní àmì-ẹ̀yẹ.

Wọ́n pe Ìnísípẹ́tọ̀ Bọ́látitó wá síbẹ̀. Obìnrin yìí kì í pariwo. Ó máa ń wo nǹkan títí nǹkan náà á fi tijú.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Èmi àti Àlàbá, mà," ni Sùlíyá dáhùn. "Iléru kan náà la jọ ń lò."

Àlàbá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, èmi ni mo ni ín o. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ó lè jẹ́ òní," ni Bọ́látitó wí. "Ìyá oníkòkò, báwo lẹ ṣe fi gílésì, àwọ̀ tó ń dán lára rẹ̀ yìí, sí i?"

"Mo dì í mú nídìí, mo rì í bọ inú gílésì. Ibi tí ìka mi wà kì í gbà á. Àwọn kan máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun gílésì dí i kó tó wọná, èmi kì í dí i. Màmá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́ kì í pa ipa ọwọ́ wọn rẹ́."

"Ipa ìka dà níbẹ̀?" ni Àlàbá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lóòótọ́, ìdí ìkòkò náà dán yíká. Ọkàn Sùlíyá rẹ̀wẹ̀sì. Bọ́látitó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ha ikùn ìkòkò, kò bó. Ó ha ìdí rẹ̀, àwọ̀ ewé sì bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ojú ìka mẹ́ta yọ. Sùlíyá gbé ìka tirẹ̀ lé wọn, wọ́n bá a mu rẹ́gí.

"Gílésì tó jinná kì í bó," ni Bọ́látitó sọ. "Ọ̀dà lèyí. Àlàbá, amọ̀kòkò ni ẹ́. Ká ní ìwọ lo mọ ọ́n, kó tó wọná lò bá ti dí i. Ẹni tó bá a lẹ́yìn iná ló máa wá ọ̀dà."

Àlàbá tẹrí ba. "Àléébù ni mo pè é. Mo ní kí n bá a tún un ṣe ni."

Wọ́n mú un lọ. Olùdarí àfihàn kọ orúkọ Sùlíyá síwájú ìkòkò, ó sì rọra bi í pé, "Ṣé ká yí ibi tí ìka wà sí ara ògiri?"

"Ẹ má dán an wò," ni Sùlíyá fèsì. "Iwájú ni kẹ́ ẹ yí i sí."

Orí Bọ́látitó wú.